Ẹ̀kọ́ àyíká fún ọmọ pírámárì: bí ẹ ṣe lè ṣe é nínú ọgbà ilé-ìwé yín, n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, mo kí yín o. Apá Ìjẹ̀bú níbí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà pírámárì, ohun tó sì jẹ́ kí n kọ èyí ni ìbéèrè kan tí mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dún kan. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ohun mẹ́ta tó ń bàjẹ́ ní àyíká wa, gbogbo wọn nawọ́, wọ́n kà á fún mi bíi orin, omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀. Mo ní ó dáa, gọ́tà tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa yìí, ibo ni omi inú ẹ̀ ń ṣàn lọ? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fo gọ́tà yẹn kọjá o! Àtọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé nóòtì tá à ń kọ sí bọ́ọ̀dù kí wọ́n dà á kọ ò tíì di ẹ̀kọ́ àyíká. Ohun tí ọmọ fojú ara ẹ̀ rí, tó fi rúlà wọ̀n, tó kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó tún padà lọ wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyẹn ni ẹ̀kọ́ àyíká.

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kò gba owó púpọ̀. Ike omi tí ẹ bá fẹ́ jù nù, rúlà, òkúta wẹ́wẹ́, ìwé, àti sùúrù. Òbí tó wà nílé náà lè ṣe é pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, kò di dandan kó jẹ́ kíláàsì.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé, kẹ́ ẹ tó rìn

Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé tiẹ̀, ìwé ogójì ewé ti tó, a ò sì ní kọ nóòtì kankan sínú ẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan máa ní: déètì, ibi tí a wà, ohun tí mo rí, àti ohun tí mi ò mọ̀. Ìkẹrin yẹn ni àwọn tíṣà kan máa ń fẹ́ yọ kúrò torí wọ́n rò pé ṣe ló máa dà bíi pé ọmọ ò mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ọmọ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò mọ ìdí tí èèrà fi ń kó ẹyin ẹ̀ gun ògiri, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni ìbéèrè yẹn nìkan fún wa, torí gbogbo kíláàsì ló ń ṣọ́ èèrà bóyá ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ nǹkan ní Yorùbá kọ́kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń bọ̀ kó bọ̀ lẹ́yìn. Tí ọmọ bá ń pe gbogbo ohun tó hù nílẹ̀ ní "grass", kò ní rí i pé wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹ mú un dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé-ìwé, ẹ fi imí eṣú hàn án, ẹ fi rínrin hàn án níbi tó tutù, ẹ fi tẹ̀tẹ̀ hàn án, ṣawerepèpè tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ewé Akíntọ́lá tí àwọn àgbà ń fún sójú ọgbẹ́. Ẹ ní kó mú orúkọ tí kò mọ̀ lọ bi ìyá àgbà nílé. Ẹ máa rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ìyá àgbà ti di tíṣà kejì nínú kíláàsì yín, àwọn mìíràn á ti ẹ̀ wá fúnra wọn.

Mo tún máa ń sọ èyí fún wọn: ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti rí erin nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rò pé Kẹ́ńyà nìkan ló wà. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ, ní Ìjẹ̀bú ìlà-oòrùn, igbó tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé lọ́dún 1977. Ojú wọn máa ń là tí wọ́n bá gbọ́ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ìrìn àkọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ, inú ọgbà ilé-ìwé náà ni, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ìbéèrè kan péré. Ìbéèrè tèmi ni: omi òjò tó bá bọ́ síbí, ibo ló ń gbà lọ? Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́, kí wọ́n yà á sínú ìwé, láti orí páànù, dé ilẹ̀, dé gọ́tà, dé ibi tí gọ́tà ti já. Níbi tí wọ́n bá ti dúró, kí wọ́n pa ojú dé fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n ka iye ohùn tí wọ́n gbọ́, ẹyẹ, ọ̀kadà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ojú, etí, imú àti ọwọ́ la máa lò. Ẹnu ò sí níbẹ̀, ẹ tẹnu mọ́ ọn dáadáa, ọmọ kì í tọ́ ewé wò.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kó àwọn ọmọ lọ sí etí igbó láìkọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀, wèrèpè sì ti gbó níbẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ irun ẹ̀ lu ọmọ mẹ́ta, wọ́n họra títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ọ̀kan wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tó sọ dùn mí, òótọ́ sì ni. Látìgbà yẹn, ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn ni èmi fúnra mi máa ń lọ rin ibẹ̀ já, mo máa ń wo wèrèpè, mo máa ń wo ẹ̀sìsì, mo máa ń wo ihò àti ìgò tó fọ́. Tí wèrèpè bá kan ọmọ, ẹ má fọwọ́ pa á, ẹ má jẹ́ kó họ ọ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ ká a kúrò kí irun yẹn bá a wá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà sí òbí ṣáájú, kí wọ́n mọ ibi tí ọmọ wọn ń lọ. Odò ńkọ́? Ìbù o, Yemọjí o, Ọ̀ṣun o, mi ò kí ń kó ọmọ dé etí odò láìsí àgbàlagbà mìíràn pẹ̀lú mi, orí bèbè la sì ń dúró sí. Tó bá jẹ́ omi tí ìlú ń bọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀.

Ike tó ń wọn òjò

Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ mú èyí.

Ẹ wá ike omi lítà kan àbọ̀ tí ara ẹ̀ gún, kó má ní kókó tàbí ìbàdí. Tíṣà ni kó fi ọ̀bẹ gé e o, kì í ṣe ọmọ. Ẹ gé orí ẹ̀ níbi tó ti fẹ́ máa tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e ṣubú, kẹ́ ẹ wá bu omi sí i títí tó fi bo òkúta, tó sì dé ibi tí ara ike ti tọ́, torí ìdí ike kì í dọ́gba, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìdí, irọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ máa kà. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú omi yẹn, ibẹ̀ ni òdo. Ẹ wá yí orí tí ẹ gé yẹn dorí kodò, ẹ kì í bọ ẹnu ike bíi àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, kí oòrùn má fa omi inú ẹ̀ gbẹ kíákíá. Ẹ so rúlà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òdo rúlà gbọ́dọ̀ wà lórí téèpù yẹn.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì. Gbangba ni, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ igi tàbí ilé, tí igi bá ga ní mítà 5, ẹ jìnnà sí i tó mítà 10. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ rì í síbẹ̀ kó dúró dáadáa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lójoojúmọ́ ni kí ọmọ méjì lọ kà á, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn wà ní déédéé omi, tí wọ́n bá dúró gbagidi wò ó látòkè wọn ò ní rí i bó ṣe jẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ ní mìlímítà, wọ́n á da omi náà dà nù títí dé téèpù òdo, wọ́n á gbé e padà. Ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, kí wọ́n kọ 0, kí wọ́n má fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Ti Mọ́ńdè á jẹ́ òjò láti aago mẹ́jọ àárọ̀ Fráídè dé àárọ̀ Mọ́ńdè pa pọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ wá káàdìbọ́ọ̀dù kan, kí wọ́n ya òpó òpó sí i, ọjọ́ kan òpó kan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kẹ́ ẹ ṣe é láti ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní March tàbí April, wọ́n á rí i bó ṣe ń ga sí i dé June àti July, á wá rọlẹ̀ ní August, á tún gbéra ní September àti October, kó tó dáwọ́ dúró nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ wọlé. Gbogbo ìyá àgbà Ìjẹ̀bú ló mọ èyí láìka ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ ya á sí ògiri ti mọ̀ ọ́n ní tiẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ló kàn. Mìlímítà 1 òjò lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1 tó tún gùn ní mítà 1, lítà omi 1 gééré ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi téèpù ìwọ̀n wọn ilẹ̀ tí páànù kíláàsì wọn bò. Ká ní ó jẹ́ mítà 5 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀, 20 nìyẹn. Tí ike bá ní mìlímítà 10 òjò rọ̀ lálẹ́ àná, lítà 200 ló bọ́ láti orí páànù yẹn, ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́jọ. Ẹ wá bi wọ́n: ta ló pọn omi wá sílé láàárọ̀ yìí? Kẹ́ẹ̀gì mélòó? Ọmọ kan ní kíláàsì mi dá ìṣirò yẹn ṣe fún ilé wọn, ó lọ bẹ bàbá ẹ̀ pé kó so gọ́tà mọ́ eteetí páànù, bàbá náà so ó. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ kì í ṣe èyí tí a ń gbè o, ẹ jẹ́ kó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù ná, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sí i. Ẹ bo dúrọ́ọ̀mù náà, mo ń bọ̀ wá sọ ìdí ẹ̀.

Ilẹ̀ pupa wa

Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ láti ibi mẹ́ta, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ojú ọ̀nà, etí gọ́tà. Ẹ wá ìgò mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ gaara tó ní ìdérí, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i dé ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ìgò, ẹ rọ omi sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí ọmọ mì í dáadáa kó tó gbé e kalẹ̀, kó má sì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Yanrìn á kọ́kọ́ balẹ̀, kò ní pé ìṣẹ́jú kan. Èyí tó kúnná á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ á gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé jíjẹrà á léfòó. Wọ́n á rí ìpele ìpele, kí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Wọ́n á bi yín pé kí ló dé tí ilẹ̀ wa fi pupa. Ìdáhùn ẹ̀ ni pé irin wà nínú ẹ̀, ó dípẹtà bí ìṣó ṣe ń dípẹtà. Ẹ mú ìṣó tó ti dípẹtà wá kí wọ́n gbé e ti iyẹ̀pẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ti ìkún omi. Ike méjì tí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ kan náà sínú méjèèjì, ọ̀kan lásán, ọ̀kan pẹ̀lú koríko tí ẹ fi gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ hú wá. Ẹ gbé wọn dagun díẹ̀, ẹ fi kọ́ọ̀bù kan sábẹ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá rọra da omi tó dọ́gba sórí wọn láti inú ike tí ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdérí ẹ̀. Kọ́ọ̀bù ọ̀kan á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìkejì á mọ́ díẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ẹ wá kó wọn jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí àgbàrá ti gbẹ́, kí wọ́n wo ibi tí koríko wà àti ibi tí kò sí.

Tẹ́ ẹ bá lè rí bọ́ọ̀sì, tí ẹ sì gba àṣẹ, ẹ kó wọn dé Erédò Ṣùngbọ́, yàrà àti òkìtì àtijọ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Òkè-Èrì. Nǹkan bíi kìlómítà 160 ni yàrà náà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó ga tó mítà 20 níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì, ó sì ti pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ: òjò ti ń rọ̀ sórí òkìtì yìí láti ìgbà yẹn, kí ló dé tí kò tíì wó tán? Àwọn tó ti ṣe ti ike méjì yẹn á wo amọ̀ pupa tó le, wọ́n á wo igi àti gbòǹgbò tó dì í mú, wọ́n á dá yín lóhùn fúnra wọn. Kò sí ọjọ́ tí inú mi dùn tó ọjọ́ tí mo gbọ́ ìdáhùn yẹn lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ilẹ̀ tí a sin nǹkan sí

Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́fà, tó jìn tó gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé ìdajì. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé, ìwé, aṣọ òwú, náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà, agolo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ihò tiẹ̀, igi àti orúkọ lórí ẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ KÍ Ẹ TÓ bò ó, èyí ṣe pàtàkì, torí tí wọn ò bá kọ ọ́ ṣáájú, gbogbo wọn ló máa ní àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ hú u wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kẹ́ ẹ tún hú u wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní sí níbẹ̀ mọ́ tàbí kó ku fọ́nrán díẹ̀, náílọ́ọ̀nù á wà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, ẹ máa lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ kó wọn lọ sí gọ́tà kí wọ́n ka náílọ́ọ̀nù tó dí i, kí wọ́n fi igi kà á, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sun ún, ilé-ìwé mìíràn tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, gbogbo Fráídè ni wọ́n ń sun náílọ́ọ̀nù lábẹ́ fèrèsé kíláàsì, àwọn ọmọ á máa wúkọ́ títí wọ́n á fi jáde, mo bá wọn sọ ọ́ kò gbà. Èéfín ẹ̀ ní májèlé nínú. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé gbígbẹ, ẹ kó ìyẹn jọ sí igun kan, ẹ máa fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹ ti ní ilẹ̀ dúdú tí ẹ lè fi gbin ẹ̀fọ́.

Tanwíjí

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ bo dúrọ́ọ̀mù nìyí. Ọmọ ló mọ ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé tanwíjí tó ń jó nínú omi dúrọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀fọn náà ni. Ẹ bu omi tó ní tanwíjí sínú ìgò, ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu ẹ̀, ẹ fi rọ́bà dì í pinpin. Kí wọ́n máa wò ó lójoojúmọ́ kí wọ́n máa yà á, bó ṣe ń dorí kodò tí ìdí ẹ̀ wà lókè kó lè mí, bó ṣe ń ká kò bíi kọ́mà kó tó hu ìyẹ́. Kó tó ju méjì tàbí mẹ́ta lọ tó ti hu ìyẹ́, ẹ da gbogbo ẹ̀ sórí iyanrìn gbígbẹ nínú oòrùn, tanwíjí tó kù á kú.

Nínú ooru wa yìí, láti ẹyin dé ẹ̀fọn lè má ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe ìṣirò ẹ̀: tí a bá ń da omi inú agolo, inú táyà àti ìdí òdòdó nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣé ẹ̀fọn á ráyè dàgbà níbẹ̀? Nítorí náà ọjọ́ Fráídè ni kíláàsì wa yan fún yíyí ọgbà ilé-ìwé ká, ẹni tó bá rí tanwíjí á kọ ibi tó ti rí i. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n ṣe é mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì.

Ti omi mímu náà wà níbí. Wọ́n lè fi òwú, èédú tí a fọ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ṣe asẹ́ nínú ike tí a gé, omi ẹrẹ̀ á jáde ní mímọ́, wọ́n á sì fẹ́ mu ún! Ẹ dá wọn dúró. Omi tó mọ́ lójú ò túmọ̀ sí pé kò sí àrùn nínú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sè é kó hó yaya fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn láti kànga dé ṣáláńgá nílé, tí kò bá tó mítà 30, kí wọ́n sọ fún àwọn òbí wọn kí wọ́n máa se omi kànga náà.

Ilé gàrí

Kò sí yàrá ìwádìí tó dára tó ilé gàrí ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Ẹ bẹ ìyá kan tó ń ṣe gàrí, ẹ mú nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ fi kí i, kẹ́ ẹ jìnnà sí agbada àti ẹ̀rọ ìrin. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà fúnra ẹ̀ ṣàlàyé, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí wọ́n tọ ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bó o, tí wọ́n rin ín, tí wọ́n dì í sápò tí wọ́n gbé òkúta tàbí jáàkì lé e, tó jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta dé márùn-ún kó tó kan, tí wọ́n kù ú, tí wọ́n yan án. Gàrí wa tó kan yẹn, kòkòrò kékeré tí ojú ò lè rí ló ṣe é láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, rírin, kíkan, fífún àti yíyan ló ń lé e jáde. Tí ọmọ bá gbọ́ èyí, á mọ ìdí tí ìyá fi ń lọ́ra, tí kò kánjú yan án.

Ẹ wá kó wọn lọ wo ibi tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń pá, koríko ò ní hù, ó ń rùn. Kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹ bi wọ́n ibi tí àwọn ewúrẹ́ ti ń mu omi. Nílé-ìwé, ẹ da kọ́ọ̀bù omi ẹ̀gẹ́ kan sí ojú koríko kékeré, ẹ da omi lásán sí òmíràn, kẹ́ ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò bá ìyá gàrí jà o, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló ń bọ́ wa, ìbéèrè tí a ń gbé padà lọ bá a ni pé ṣé ihò kan lè wà tí omi yìí á máa dúró sí kó tó dé gọ́tà. Ìyá kan tí a lọ bá lọ́dún tó kọjá ti gbẹ́ ihò náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ṣàgámù tí gàrí ò pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ lọ wo àwọn tó ń bó obì tí wọ́n ń tò ó fún àwọn oníṣòwò Sábó, ẹ bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ń fi ewé bò ó.

Òjìji

Èyí ò pẹ́. Ẹ ri igi tó gùn ní mítà 1 mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán, kí wọ́n máa fi òkúta sàmì sí ṣóńṣó òjìji ẹ̀ ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí. Wọ́n á rí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn láìwo fóònù. Ẹ so náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí igi náà, ó máa sọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ti òjò láti ọ̀nà òkun, ti ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn pẹ̀lú eruku aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ìjẹ̀bú-Òde wà ní nǹkan bíi dígírì 6.8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń wà ní gbọ̀ngbọ̀n orí wa gan-an: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú April, àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú September. Tí ìkùukùu ò bá bò ó, ní nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú márùndínlógún ọ̀sán, òjìji igi yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ìgbà ọlidé ló máa ń bọ́ sí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé wọn kí wọ́n ṣe é nílé, kí wọ́n pe àwọn àbúrò wá wò ó.

Ti máàkì

Mi ò kí ń fún ọmọ ní máàkì torí pé ìdáhùn ẹ̀ bá tèmi mu. Mo máa ń wo bóyá déètì wà, bóyá ó padà lọ wò, bóyá ó kọ òdo sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, bóyá ìwé "ohun tí mi ò mọ̀" ń kún sí i. Ọmọ tó kọ ohun tó rí gan-an, kódà tó yàtọ̀ sí ti ìwé, òun ló gbégbá orókè.

Tí ilé-ìwé bá wọ ọlidé July, ẹ má dá ike òjò dúró. Ẹ wá ọmọ tó ń gbé nítòsí, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa kà á, ẹ fún un ní ìwé àti bíró, kó máa lọ ní aago mẹ́jọ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Tí ẹ bá wọlé ní September, káàdìbọ́ọ̀dù August ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà pa pọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ike náà fún kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé ọdún tó kọjá, kí wọ́n tẹ̀ síwájú láti ibi tí tiwọn dúró sí.